Bí Sáfà Bá Gbóná, Ta Ni Kí A Dá Lẹ́bi?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí nǹkan bá bàjẹ́, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ta ló ṣe é?" Ó ṣọ̀wọ́n kí a kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ló ṣe é?" Ọmọ tí ó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n gbẹ̀yìn ni a óò pè bí tẹlifíṣọ̀n bá kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná mànàmáná tí ó fi agbára wọlé lójijì ló bà á jẹ́. Àṣà yìí ti bá wa dé inú iṣẹ́ ìgbàlódé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí dá lórí ẹ̀rọ kan tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kù díẹ̀ kí ó pàdánù iṣẹ́ àti orúkọ rere rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò ni kí n máa kọ́ ìkànnì ayélujára fún àwọn oníṣòwò, ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́, kí n sì máa tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Ìkìrun ni èmi àti ẹbí mi ń gbé. Àwọn mẹ́ta nínú àwọn oníbàárà mi ló ń pín sáfà kan ṣoṣo lò: ìyá aláṣọ òkè kan níhìn-ín ní Ìkìrun, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìnísà, àti ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Òkukù kan, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní Èkó àti ní ìlú Ọba. Orí ìkànnì ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ti ń kéde ìsìnkú, ìgbéyàwó àti owó àdásí.

Kí ni sáfà? Kọ̀ǹpútà ni, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà lórí tábìlì yín, àfi pé kì í sùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa dá ẹni tí ó bá kan ìkànnì lóhùn, tọ̀sán-tòru. Àwa kọ́ la ni èyí tí à ń lò. Ilẹ̀ òkèèrè ló wà, a sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù pẹ̀lú owó òkèèrè. Ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa tó jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ tí a ń fi owó kékeré yá tẹ́lẹ̀ ti di ẹrù.

Ní oṣù keje ọdún 2024, ní ìparí sáà kẹta, ìkànnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín. Àwọn òbí tí ó fẹ́ wo èsì ìdánwò ọmọ wọn yóò dúró títí, ojú ìwé kò ní ṣí. Ìyá aláṣọ ní àwọn oníbàárà òun ti ń béèrè bóyá òun ti kógbá sílé. Láìpẹ́, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó yá wa ní sáfà: ọpọlọ ẹ̀rọ náà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní CPU, ń ṣiṣẹ́ dé góńgó láìsinmi, bí a kò bá gba sáfà tí ó tóbi sí i, ní ìlọ́po méjì owó, wọn yóò dá tiwa dúró.

Bàbá tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Ìnísà sílẹ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, pè mí lórí fóònù.

"Ìyá Ìbejì," ni wọ́n wí, "ọmọ tí ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà yìí ló gbé èsì ìdánwò sí orí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kí ó tó fọwọ́ kàn án, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. O sì mọ ohun tí àwọn ọmọ tí ń gbé láptọ́ọ̀pù kiri ń ṣe lóde òní. Mo fẹ́ kí ó máa lọ."

Mo mọ ohun tí Bàbá ń sọ láìdárúkọ rẹ̀. Lóde òní, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá mọ kọ̀ǹpútà lò kò ní pẹ́ kí wọ́n tó fura sí i pé oníyàhúù ni. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ẹnu ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jáde ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, yóò tẹ̀ lé e dé ibi tí ó bá ti tún ń wá iṣẹ́, yóò sì tẹ̀ lé e délé àna pàápàá. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ fún mi di ọ̀túnla. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́." Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò yọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni láti mọ̀ bóyá sáfà gan-an ni ó ń ṣàìsàn, tàbí ọ̀nà tí ó lọ sí ibẹ̀. Ẹ óò rántí pé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún kan náà, àwọn okùn ayélujára abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì tí ara wọn le koko kò sì ṣí fún wa ní Nàìjíríà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà dára. Àìsàn náà wà nínú ilé.

Irinṣẹ́ kan wà tí à ń pè ní top, tí William LeFebvre kọ ní ọdún 1984, tí a ṣì ń lò títí di òní. Bí ẹ bá ṣí i, nọ́ńbà mẹ́ta ni yóò hàn lókè: ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi wé ilé ìlọta tí ó ní ẹ̀rọ méjì. Bí ènìyàn méjì bá ń lọ ata tí ẹnikẹ́ni kò sì dúró, iṣẹ́ tó, kò pọ̀ jù. Bí ó bá di mẹ́sàn-án, àwọn méje ń dúró nínú oòrùn. Ọpọlọ méjì ni sáfà wa ní. Nọ́ńbà mẹ́ta tí mo rí ni 9, 9 àti 8. Nítorí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ ara wọn, mo mọ̀ pé kì í ṣe èrò tí ó ya dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tò síbẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni irú iṣẹ́ tí ọpọlọ náà ń ṣe. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ ìlọta ṣófo, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń dúró de omi tí wọn yóò fi ṣan ata. Ní ti sáfà, èyí ni ìgbà tí ó ń dúró de ibi tí a kó ìwé pamọ́ sí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, onílé ti fi ẹ̀rọ kan náà yá ọ̀pọ̀ ayálégbé, àwọn yòókù sì ń jẹ nínú àkókò tiwa. Irinṣẹ́ yìí a máa ya gbogbo rẹ̀ sọ́tọ̀. Nínú tiwa, kò sí ìdúró, kò sì sí ayálégbé tí ó jà wá lólè. Iṣẹ́ tiwa gan-an ni. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Nígbà náà ni mo tó lè béèrè pé ta ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ lórí sáfà náà, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní abọ́ tirẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà. Mo wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ Ìnísà. Ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kò jẹ ju èérún lọ. Èsì ìdánwò jẹ́ ìwé tí a ti kọ parí; sáfà kàn ń nà án sí òbí ni, kò nílò láti ronú. Orúkọ tí ó kún òkè títí dé àárín ni ti ẹgbẹ́ ọmọ Òkukù, ìkànnì tí ẹnikẹ́ni kò fura sí nítorí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kéde nǹkan.

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àlejò rẹ̀. Òkukù ni Karin Barber ti ṣe ìwádìí oríkì tí ó fi kọ ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1991, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: gbogbo àlejò tí ó bá kan ìkànnì ló máa ń ki oríkì ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n nínú ayé kọ̀ǹpútà, àlejò lè ki oríkì olóríkì. Àwọn àlejò yìí ń pe ara wọn ní ènìyàn tí ń fi fóònù wo ìkànnì. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn méjì péré ni wọ́n ń kàn, wp-login.php àti xmlrpc.php, lẹ́ẹ̀mélòó kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láti orílẹ̀-èdè tí ó pọ̀ lọ jàra. WordPress ni a fi kọ́ ìkànnì náà, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ sì ni alábòójútó ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ ni àwọn àlejò náà, wọ́n ń méfò páswọ́ọ̀dù. Wọn kò rí i mú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kànkùn, sáfà gbọ́dọ̀ jí gbogbo ilé kí ó tó lè dáhùn, àyẹ̀wò páswọ́ọ̀dù sì jẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó nira, kí olè má baà lè yára. Ọpọlọ sáfà ló ń san owó ìnira náà.

Ohun tí mo ń wá jù lọ ni ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà fi hàn kedere: kíkànkùn yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́rú, ọjọ́ márùn-ún kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó gbé èsì kankan sí orí sáfà. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo tún wá iṣẹ́ tí kò ní orúkọ tàbí fáìlì tí ẹnìkan yí padà ní bòókẹ́lẹ́, nítorí àwọn ọ̀daràn a máa fi sọ́fítíwíà bí XMRig pamọ́ sórí sáfà ẹlòmíràn láti fi wa owó orí ayélujára. Kò sí nǹkan kan. Fáìlì tuntun tí ó wà lórí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ kò ju èsì àwọn ọmọ lọ.

Oògùn rẹ̀ kò gba alẹ́ kan. Mo ti ilẹ̀kùn kejì pa, nítorí pé ẹgbẹ́ náà kò lò ó rárá. Mo fi òǹkà sí ẹnu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣì í ní ìgbà díẹ̀ yóò lọ jókòó. Mo sì ṣètò kí a máa di àwọn ojú ìwé sílẹ̀ bí ẹ̀kọ, kí sáfà má baà máa dáná tuntun fún gbogbo ẹni tí ebi ń pa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nọ́ńbà 9 ti di ohun tí kò tó 1. Kò sí ẹni tí ó san owó ìlọ́po méjì.

Mo tẹ ìwé àkọsílẹ̀ náà sórí bébà, mo sì gbé e lọ sí Ìnísà. Bàbá wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka tọ ọjọ́ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tí ń ṣe máàkì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Ọmọ mi, má bínú," ni wọ́n wí. "Orí tèmi gan-an ló gbóná."

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ó ti tán, sà."

Ó parí iṣẹ́ sáà náà. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ wọlé, kò padà wá. Ó ti rí iṣẹ́ sí Òṣogbo. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe ìbínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kò fi fóònù wọn sílẹ̀ nítòsí mi." N kò mọ èsì tí mo lè fọ̀. A lè fi ìwé wẹ ènìyàn mọ́ nínú ẹ̀sùn, síbẹ̀ ìwé kò lè gba ọjọ́ mẹ́ta yẹn padà fún un.

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ Imperva kéde ní ọdún 2024 pé nínú gbogbo ìrìnkèrindò orí ayélujára ní ọdún tí ó ṣáájú, ìdá 49.6 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ẹ̀rọ, kì í ṣe ti ènìyàn. Bí ẹ bá ní ìkànnì fún òwò, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ yín, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò sọ fún yín pé ọpọlọ sáfà yín ti kún. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tí ń bójú tó o: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Irú iṣẹ́ wo ni ọpọlọ ń ṣe? Orúkọ ta ni ó wà lára iṣẹ́ náà? Àwọn wo ni àlejò, ilẹ̀kùn wo ni wọ́n sì ń kàn? Bí kò bá lè dáhùn, sáfà tí ó tóbi sí i yóò kàn fún àwọn akànkùn ní àyè sí i ni.

Ẹ sì bá mi lo ìbéèrè wọ̀nyí nínú ilé pẹ̀lú, kí ẹ tó na ọmọ, kí ẹ tó lé ọmọ ọ̀dọ̀, kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó jọ mọ́ nípa ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Sáfà ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ó lè gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń fẹ̀sùn kàn nínú ilé kò ní irú rẹ̀. Sùúrù wa nìkan ni wọ́n ní.