Ní Ilẹ̀ Kétu, Olùkọ́ Tún Padà Di Akẹ́kọ̀ọ́

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa ní ojú-ìwé ìdílé yìí, ìlú kan ni a fẹ́ mú yín lọ, kí a lè rí ẹ̀kọ́ kan mú bọ̀ wá sílé. Ìlú náà ni Kétu, ọ̀kan nínú àwọn ìlú aládé tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ààlà àwọn òyìnbó sọ di ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí ó gbé wa lọ síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti ń gba owó oṣù, tí wọ́n ní ìdílé, síbẹ̀ tí wọ́n tún jókòó sídìí ẹ̀kọ́ gíga, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń fi àwòrán, rédíò, tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ. Ǹjẹ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ọmọ ìlú ní àǹfààní, àbí ńṣe ni ó ń mú olùkọ́ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ? Ìbéèrè yìí kan gbogbo ilé tí ó ní ọmọ ní ilé-ìwé.

Ẹni tí ó bá ti Àjàṣẹ́ bọ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, yóò kọjá ní Ìtakété tí ìwé ìjọba ń pè ní Sakété, yóò sì dé Ìpòbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Pobè. Ilẹ̀ pupa ni títí dé ibẹ̀, ọ̀pẹ sì pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn Ìpòbẹ́ ni ọkọ̀ yóò wọ ilẹ̀ ẹrẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí. Dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, a máa lẹ̀ mọ́ bàtà bí ọ̀dà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, a máa là yàtọ̀. Ẹrẹ̀ yìí ni odi àwọn Ọ̀họ̀rí ní ayé ogun, àwọn Faransé pàápàá sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí wọn ní àkókò ogun àgbáyé kìíní. Nígbà tí ọkọ̀ bá jáde kúrò nínú ẹrẹ̀ náà ni ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ga, tí yóò tún pupa, tí yóò sì tẹ́jú lọ salalu. Òkè títẹ́jú Kétu nìyẹn. Oko àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n omi kò rọrùn láti rí níbẹ̀, nítorí pé ó jìn nínú ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Nínú ìlú, àwọn tí ó gbà wá ní àlejò mú wa lọ wo Àkàbà Ìdẹnà, ẹnu odi àtijọ́ tí gbogbo àlejò ń gbà wọlé. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù àwọn Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lẹ́yìn náà, dé ìlú yìí ní 1853. Ní 1886, ogun Dàhómì fọ́ Kétu túútúú, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìgbèkùn. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wálé, tí wọ́n sì tún ìlú wọn tò. Ṣáájú èyí, ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ààlà láàárín ilẹ̀ wọn. Nítorí náà ni ọmọ Ìmẹ̀kọ fi ń ka ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ Kétu sì ń kà á ní èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń kí ìyá wọn ní òwúrọ̀.

Ó yẹ kí àwa ọmọ ìjọ Kátólíìkì mọ orúkọ ọmọ Kétu kan, Fáda Thomas Mouléro. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 1928, ọjọ́ Àjọ̀dún Màríà Wúńdíá, ni a fi í jẹ oyè àlùfáà, òun sì ni àlùfáà Kátólíìkì àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Dàhómì. Kí ó tó gba oyè náà ni ó ti ń jókòó ti àwọn àgbà, tí ó ń gbọ́ ìtàn Kétu lẹ́nu wọn, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ìròyìn La Reconnaissance africaine ni ó tẹ ìtàn náà jáde. Fáda Francis Aupiais, òyìnbó Faransé ti ẹgbẹ́ SMA, ni ó dá ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1925. Fáda Aupiais kan náà ni ó mú ayàwòrán kan, Frédéric Gadmer, wá sí Dàhómì ní 1930, tí wọ́n fi ẹ̀rọ sinimá ya ìṣe àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà, kí àwọn ará Faransé lè rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọgbọ́n àti ètò tiwọn. Ẹ ò rí i pé lílo ẹ̀rọ láti fi kọ́ni kì í ṣe ohun tuntun ní agbègbè yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀: fíìmù náà kọ́ àwọn ará òkèèrè, ìwé Fáda Mouléro sì pa ìtàn ilé mọ́ fún ọmọ ilé. Ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe, ọwọ́ ẹni tí ó mú un ni ó wà.

Kí ẹ̀rọ òyìnbó tó dé pàápàá, Kétu ní ọ̀nà ìkọ́ni tirẹ̀. A kò sọ pé kí ọmọ ìjọ lọ bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pẹ̀lú orin èfẹ̀ òru àti ère orí rẹ̀, ti kọ́ ìran púpọ̀ ní ìwà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún ọlọ́lá lójú ọ̀sán, èfẹ̀ a fi orin sọ ọ́ lóru, gbogbo ọjà a sì gbọ́. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ohun ìní pàtàkì ọmọ ènìyàn ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ti òde òní. Láyé àtijọ́, olùkọ́ Kétu tí ó bá fẹ́ ẹ̀kọ́ gíga gbọ́dọ̀ di ẹrù rẹ̀ lọ sí Kútọnu tàbí sí ilẹ̀ Faransé. Lónìí, ẹ̀kọ́ lè wá bá a nílé. Ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí ń lo èdè Faransé, tí a ń pè ní AUF, tí a dá sílẹ̀ ní 1961, ṣí ibùdó kọ̀ǹpútà sí orílẹ̀-èdè púpọ̀, Bẹ̀nẹ̀ sì wà nínú wọn. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ Áfríkà ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìwé-ẹ̀rí Master láti ọ̀nà jíjìn, títí kan èyí tí ó dá lórí ohun-èlò ìkọ́ni ní Yunifásítì Strasbourg. Fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ètò kan wà tí à ń pè ní IFADEM, tí Bẹ̀nẹ̀, Burundi, Haiti àti Madagascar jẹ́ àkọ́kọ́ tí ó dán an wò. Olùkọ́ á gba ìwé kékeré, á kà á nílé, á pàdé olùtọ́nisọ́nà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì ní fi kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀. Kétu fúnra rẹ̀ ti di ìlú yunifásítì: èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2013 fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó di Yunifásítì Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní 2016.

Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an nínú ìmọ̀ ohun-èlò ìkọ́ni? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé títẹ kọ̀ǹpútà ni. Rárá o. Ètò ìrònú ni. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ ni èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà tò fún àwọn ọmọ ogun ní 1975, tí ó ní ìpele márùn-ún: kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe aláìní, kí a ṣètò ẹ̀kọ́, kí a ṣe ohun-èlò rẹ̀, kí a lò ó, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣiṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun-èlò kò ṣe ipò kìíní. Ìbéèrè nípa ọmọ ni ó ṣáájú.

Olùkọ́bìnrin kan ní agbègbè náà, tí ó ń ṣe irú ẹ̀kọ́ yìí lóru lẹ́yìn iṣẹ́ ilé, ṣàlàyé rẹ̀ fún wa níwájú àwọn àgbà ìjọ. Bàbá Kátíkíìsì kan tí ó wà níbẹ̀ bi í pé, "Ìyá Tíṣà, ẹ ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ti lọ́mọ, kí ni ẹ tún ń wá lọ́dọ̀ òyìnbó?" Ó kúnlẹ̀, ó dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Bàbá. Omi ni mò ń wá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣe àlàyé. Láyé ìgbà kan, bí ẹ̀kọ́ lítà bá dé, á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Faransé sójú pátákó, àwọn ọmọ á sì hó o bí orin, láìmọ ohun tí wọ́n ń wí. Nísinsìnyí, á ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ bí wọ́n ti ń rí omi láyé àtijọ́, kí wọ́n fi tẹlifóònù ilé gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á gbọ́ ọ ní kíláàsì ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá gba lítà 20, tí a sì pọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lítà 80 nìyẹn; bí ènìyàn 8 bá wà nílé, lítà 10 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni wọn yóò wá kọ ọ́ ní èdè Faransé. Bàbá Kátíkíìsì mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, omi tí ẹ ń wá yìí, ẹ máa wá a lọ."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ ni ó mọ tẹlifóònù tẹ̀, ìyá àgbà ni ó ni ìtàn. Olùkọ́ tí ó ní ìmọ̀ ni yóò so àwọn méjèèjì pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ti yọrí sí rere. Ní 1971, orílẹ̀-èdè Ivory Coast bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Bouaké. Owó ńlá ni wọ́n ná sí i, ṣùgbọ́n kí àwọn ọdún 1980 tó lọ jìnnà, wọ́n ti pa á tì. Owó rẹ̀ wọ́n jù, ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ kò sì fi ọkàn sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìyá ọmọ jẹ́ ohun-èlò tí kò béèrè iná mànàmáná.

Níbi èyí ni iṣẹ́ ṣì wà fún àwọn olùkọ́ Kétu. Ní Bẹ̀nẹ̀, lẹ́tà ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ Yorùbá, níbi tí àwa ń kọ ẹ àti ọ. Ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn lè ṣòro díẹ̀ fún ọmọ Kétu, ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò mọ ààlà. Ohùn kan náà lè kọ́ ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ.

Ẹ̀yin ará, ìnáwó àti ìfaradà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ tí ó ń kàwé lóru yóò sùn díẹ̀. Ọkọ tàbí aya rẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ ilé kún tirẹ̀. Owó íntánẹ́ẹ̀tì yóò jáde nínú owó ọbẹ̀. Bí ó bá sì gba ìwé-ẹ̀rí tán, Kútọnu yóò máa pè é, òkè òkun yóò máa pè é. A kò lè dá ẹni tí ó bá lọ lẹ́bi, nítorí owó oṣù olùkọ́ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tí ó mọ̀ bá lọ, ta ni yóò kọ́ ọmọ tí ó ń pọn omi?

Nítorí náà, a rọ ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ wa. Bí olùkọ́ kan bá ń kàwé ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe fi ṣe ẹlẹ́yà pé àgbà tún di ọmọ ilé-ìwé; ẹ bá a wo àwọn ọmọ rẹ̀ ní wákàtí kan. Bí tẹlifóònù bá wà nílé yín, ẹ fi gba ohùn bàbá àti ìyá àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó re ibi àgbà ń rè. Ẹ sì máa bi ọmọ yín léèrè lálaalẹ́ pé, "Kí ni o lè ṣe lónìí tí o kò lè ṣe lánàá?"

Jòhánù Mímọ́ ti La Salle, tí Bàbá Mímọ́ Pius Kejìlá fi ṣe olùtọ́jú àwọn olùkọ́ ní 1950, ṣe irú èyí ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé sẹ́yìn. Èdè Látìn ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà nígbà náà. Ó yí i padà, ó fi èdè tí àwọn ọmọ tálákà ń sọ nílé kọ́ wọn, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti kọ́ àwọn olùkọ́ fúnra wọn. Kí ó bá wa bẹ Ọlọ́run fún àwọn olùkọ́ Kétu àti fún ti ìjọ wa, kí ìmọ̀ tí wọ́n ń fi òru wá lè di ìmọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ wa ní ọ̀sán. Àmín.