Àwa Wo Ló Fẹ́ Lọ Jagun?

Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ òṣèlú tú ilé wa ká ní Kumasi níbí, lórí ogun tí ẹnikẹ́ni kò tíì jà.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún náà, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní orílẹ̀-èdè Niger, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani sì bọ́ sí ipò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, àjọ ECOWAS, tí Ààrẹ Bola Tinubu ti Nàìjíríà jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, fún wọn ní ọjọ́ méje péré láti dá Bazoum padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn lè lo agbára. Wọ́n ti ẹnubodè. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń lọ sí Niger.

Òfin Nàìjíríà kò jẹ́ kí Ààrẹ kó ọmọ ogun lọ jà lókè òkun láìgba àṣẹ Ilé Aṣòfin Àgbà. Tinubu kọ̀wé sí wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, wọ́n dá a lóhùn pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu yanjú rẹ̀. Godswill Akpabio tó ka ìpinnu náà jáde, inú ẹgbẹ́ APC kan náà lòun àti Tinubu wà. Àwọn sẹ́nátọ̀ òkè ọya ló pariwo jù, nítorí ìpínlẹ̀ méje ló bá Niger pààlà: Sókótó, Kebbi, Katsina, Zamfara, Jigawa, Yobe àti Borno. Bí ìbọn bá dún, ẹnu ọ̀nà tiwọn ni yóò ti dún.

Ibi tí ìjà ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn baba wa ti wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó wà lára àwọn tí ìjọba Busia lé kúrò ní Ghana ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ẹrù wọn. Ó padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Bàbá fẹ́ràn Tinubu bí ojú. Nígbà tó gbọ́ ohun tí àwọn sẹ́nátọ̀ ṣe, ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo wọn, wọn kò fẹ́ kí ọmọ Yorùbá ṣe àṣeyọrí. Ó ní, “Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.”

Àbúrò wa ọkùnrin kò dìbò rí ní Nàìjíríà, Kumasi ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Peter Obi ló ń bá lọ lórí fóònù rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ tiwọn gan-an ló kọ̀ wọ́n?” Ọ̀rọ̀ di ariwo. Bàbá ní ọmọ náà kò ní àpọ́nlé. Àbúrò wa dìde nídìí oúnjẹ. Òun ló máa ń fi mọ́tò gbé Bàbá lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Bàbá wọ takisí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Jímọ̀ kejì.

Jímọ̀ kejì yẹn bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ náà ni àwọn olórí ológun ECOWAS parí ìpàdé wọn ní Accra, tí aṣojú àjọ náà sì sọ pé àwọn ti mú ọjọ́ tí àwọn yóò wọ Niger. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin dé láti ọjà. Àlùbọ́sà ló ń tà, èyí tó ń ti Niger wá, ó sì ti gbówó lórí nítorí pé wọ́n ti ẹnubodè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà ló bá wá. Sójà Ghana ni àkọ́bí rẹ̀.

Bàbá ní, “A máa lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ó ti parí rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n wa kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwa wo?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ó wá rán Bàbá létí Liberia. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ni ECOMOG wọ Monrovia, ọmọ Ghana, Ọ̀gágun Arnold Quainoo, ló kọ́kọ́ ṣáájú wọn. Ogun náà kò parí títí di ọdún ìbò, 1997. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ jókòó sí ìloro yìí tí ẹ ń bú Babangida pé ó ń fi ọmọ ọlọ́mọ tọrẹ. Ẹ ní ẹni tó bá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ló ń sọ òótọ́. Kí ló yí padà?” Ó kọjú sí àbúrò wa: “Ìwọ náà, bó bá jẹ́ Obi ló ní kí wọ́n lọ ńkọ́?” Àbúrò wa wolẹ̀.

Ó ku àwa. Ojú ti àwa náà, nítorí pé a ti dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. A ò fẹ́ kí Bàbá kà wá kún ọ̀dàlẹ̀, a ò sì fẹ́ kí àbúrò wa pè wá ní ọmọlẹ́yìn Tinubu. A pè é ní sùúrù, ẹ̀rù ni.

Ìmọ̀ èdè ni a ń kọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kò kúrò lọ́kàn wa. “Àwa” kan ṣoṣo ni Yorùbá ní. Nínú èdè àwọn Fúlàní tí a jọ ń gbé ní Zongo, méjì ló wà: “en” ni àwa pẹ̀lú ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, “min” ni àwa láìsí ìwọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi èdè yẹn pe ogun gbọ́dọ̀ sọ bóyá òun fi ẹni tó ń gbọ́ kún un. Tiwa kò béèrè, àfi kí ẹnìkan béèrè.

Ogun náà kò wáyé. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ECOWAS mú púpọ̀ nínú ìjìyà náà kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ó yanjú tán. Bazoum ṣì wà ní àhámọ́ nígbà tí ọdún 2024 parí, Niger, Mali àti Burkina Faso sì kúrò nínú àjọ náà ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Bàbá ní ohun tí òun sọ nìyẹn. Àbúrò wa ní ohun tí òun náà sọ nìyẹn. Wọ́n ṣì ń jiyàn, àmọ́ inú mọ́tò ni, lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀rọ̀ báyìí bá dé ilé yín, kí ẹ tó pe olóṣèlú tó kọ ogun ní ọ̀dàlẹ̀ tàbí akọni, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tiwa ló wà níbẹ̀, ṣé ohun tí a ó sọ nìyí? Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ọmọ ta ni yóò lọ. Kí Ọlọ́run má fi ogun dán ilé wa wò.