Kẹ̀kẹ́ Háyà

Alẹ́ Sátidé ni ọmọkùnrin kan tó ń ṣe ṣífìtì ní ilé iṣẹ́ kan ní òpópónà Ọba Akran, n'Ìkẹjà, máa ń wá bá mi níwájú ilé mi l'Agége. Ìdánwò gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS ló ń múra sílẹ̀ fún. Ìwé kíkà àti ìwé kíkọ kò dà á láàmú. Kó ṣáà ti máà la ẹnu ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bi í ní gẹ̀ẹ́sì bóyá ó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ gígùn. Ó nà tantan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ gígùn ń fún ara lókun, kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ó sì ń dín sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kù. Ó dákẹ́. Mo wo fóònù mi: ìṣẹ́jú àáyá 12.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán."

Mo mọ ibi tó ti rí i. Inú ìwé pélébé tí wọ́n ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́ ni, pé kí wọ́n há a sórí. Èmi náà há a sórí nígbà tèmi. Olùdánwò kàn yí ìbéèrè padà díẹ̀, ẹnu mi gan bí ẹ̀bà ìjẹta.

Ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ náà kò sì gùn: ìṣẹ́jú 11 sí 14 péré. Wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ nípa ilé, iṣẹ́, oúnjẹ, kẹ̀kẹ́. Wọ́n á wá fún ọ ní káàdì kan, wàá fi ìṣẹ́jú 1 ronú, wàá sì dá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, kí ẹ tó jọ fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn, bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ẹni, gírámà, àti bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní máàkì nítorí pé kẹ̀kẹ́ dára fún ara.

Mo yí sí Yorùbá. "Ta ló kọ́ ẹ ní kẹ̀kẹ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ háyà ni, ní Orílé Agége. Bàbá kan ló ni ín, tí aago kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Náírà 20, ìṣẹ́jú 10. Owó búrẹ́dì tí ìyá rẹ̀ fi rán an ló kó lé bàbá náà lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ ò ní bíréékì, bàtà ni wọ́n fi ń há táyà. Inú gọ́tà ló parí sí. Ó délé láìsí búrẹ́dì, bàtà sì ku ẹyọ kan.

"Ó dáa. Sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì."

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Yorùbá kì í torí àná yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ "ride" níbi tí "rode" yẹ kó wà. "Máa ń" tiwa gba àná, ó gba òní. "Used to" tiwọn, ohun tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ nìkan ló wà fún. Ó ní òun "fell from" kẹ̀kẹ́. Mo ní "fell off". Ti ìpè kò kàn mí tó bẹ́ẹ̀. Àwa tá a ki fáwẹ̀lì bọ "bicycle" títí tó fi di básíkùlù, ta la fẹ́ bínú sí?

Mo bi í ìdí tí àwọn ará Èkó kì í fi gun ológeere lọ síbi iṣẹ́. Kò rántí ìwé pélébé mọ́. Ó ní láti ìgbà tí ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò n'Ìkẹjà lọ́dún 2022, ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ Marwa lòun fi ń dé Ọba Akran, àmọ́ ẹni tó bá gbé ológeere sáàárín àwọn tírélà ibẹ̀, kó ti dágbére nílé. Mo ní kó fi gẹ̀ẹ́sì sọ ti tírélà yẹn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kọ ọ́ sórí páálí: ohun kan tí o kọ́ nígbà èwe. Mo ṣètò fóònù sí ìṣẹ́jú 2. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí owó búrẹ́dì. Ó sọ "ride", ó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Fèrè rélùwéè dún, ó gbóhùn sókè. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá aláago, ó ń ṣàpèjúwe bàtà tí wọ́n fi ń há táyà, fóònù bá ké.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì dé gọ́tà o!"