Ta Ló Ń Gbọ́ Tiwọn?

Lónìí, ẹ̀bi ara wa la fẹ́ sọ.

Ẹ rántí ẹgbẹ́ tá a dá sílẹ̀ nínú ìjọ, àwọn tó ń fi àkókò wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti gbé fóònù ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́: opó, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí kò rí oorun sùn mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ la kó síbẹ̀. A wá fi ìyá mẹ́ta àti bàbá kan ṣe àgbà wọn. Ká sọ òótọ́, lójú tiwa nígbà yẹn, iṣẹ́ àwọn àgbà yìí ò ju kí wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lọ.

Opó kan ń pe arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà lóròòru, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Arábìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Oúnjẹ ò lọ mọ́. Ó wá bá wa, ó ní, "Dádì, ó ti rẹ̀ mí." Kí la sọ? A ní kó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Olúwa á fún un lágbára. Ẹni tí ò jẹun la ní kó lọ gbààwẹ̀!

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú un lọ sílé, ó ro àmàlà fún un, ó jẹ́ kó sùn. Nígbà tó jí, ó bi í pé, "Ọmọ mi, ìwọ ń gbọ́ ti gbogbo ayé, ta ló ń gbọ́ tìẹ?" Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyá ò bèèrè àṣírí opó yẹn rárá. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ló wá bá wa: "Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Ẹrù yẹn ti wúwo ju ọmọ yẹn lọ, ẹ̀yin lẹ tún di òmíràn lé e." Ojú tì wá. A bẹ arábìnrin náà níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

Ṣebí irú ẹ̀ náà ni Jẹ́tírò sọ fún Mósè nínú Ẹ́kísódù 18? Ní Harare, ní Zimbabwe, àwọn ìyá àgbà 14 ni Dókítà Dixon Chibanda fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń jókòó sí níta ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń fetí sí àwọn tí ìrònú ti pọ̀ jù fún. Àgbà nílò nínú iṣẹ́ yìí.

Báyìí, kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù ju òru méjì lọ lọ́sẹ̀. Tí ìpè bá parí, pe àgbà tìẹ, sọ bó ṣe rí lára rẹ. Tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ gbẹ̀mí ara òun, má dá a gbé o. Pe àgbà lóru ọjọ́ náà, ká jọ mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àdúrà ò lé dókítà lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má kàn jókòó síwájú. Ẹni tó ń tu àwọn èèyàn nínú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ bi í lónìí: ìwọ ńkọ́?

Kí Olúwa má jẹ́ kí agbára wa tán lójú ọ̀nà. Àmín.