Kẹ̀kẹ́ Òkè Lórí Ilẹ̀ Ẹrẹ̀

Ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ nípọn díje sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Irú rẹ̀, tòkunbọ̀, ni mo ń gùn láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Àpápá, níbi tí kò sí òkè kankan. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa rì sínú ẹrẹ̀. Èyí tí ó nípọn a máa kọjá.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù 2022 tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Àpápá, kẹ̀kẹ́ náà túbọ̀ wúlò fún mi. Síbẹ̀ ìyá mi ní kí n tà á, nítorí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń lọ sí èbúté. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo: awakọ̀ tí ó jókòó lókè lè má rí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀.

Mo wí fún wọn pé: bíréèkì ni n óo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò láràárọ̀, n kò ní gba àárín ọkọ̀ méjì, ìbáà ṣe pé wọ́n dúró, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, n óo fà á lọ́wọ́ délé. Wọ́n gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkánjú gba ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ yín.