Òkè Kò Ní í Sá Lọ: Èrò Mi lórí Yíyan Ọ̀nà Ìsáré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Èmi náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta péré ni bàbá mi lò láyé kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lọ. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlélógójì, dókítà yẹ ara mi wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Ó fún mi ní oògùn, ó sì pàṣẹ pé kí n máa rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí mo dé ilé, mo ṣírò ọdún: mẹ́rin ni ó kù kí n bá bàbá mi dọ́gba. Ejò tí ó lé mi wọ inú ẹ̀gún nìyẹn.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé kì í ṣe ti ẹsẹ̀, ti ojú ọ̀nà ni. Ajah ni mo ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wa láti Lekki títí dé Sangotedo mọ̀ pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, yanrìn ni ó sì pọ̀ jù láàárín wọn. Títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀nà tí ó gùn jù, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá dánfó àti típà du ojú títì? Bí òjò bá sì rọ̀, omi a kún inú àdúgbò, ẹni tí ń sáré kò ní mọ ibi tí kòtò wà mọ́.

Mo wá ọ̀nà kiri. Mo lọ sí ọgbà Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 lórí ilẹ̀ tí ó tó héktà 78. Afárá orí igi tí ó wà níbẹ̀ gùn tó mítà 401. Ibẹ̀ dùn ún wò púpọ̀: ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ewé tútù yí ènìyàn ká. Ṣùgbọ́n afárá tí ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ kì í ṣe ibi eré sísá. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tètè lò ó: ọ̀nà tí ó rẹwà lójú lè máà jẹ́ ọ̀nà tí ó yẹ ẹsẹ̀.

Níkẹyìn, mo mú ọ̀nà méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀nà Badore ni mo máa ń gbà lọ sí ìhà ọ̀sà ní ìdájí, kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ sí orí afárá Lekki sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.36, ó sì ní ojú ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀. Bí ènìyàn bá ń gun ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀, àyà yóò mọ̀ pé ilẹ̀ ti yí padà. Òun ni òkè tí àwa ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo lè sá kìlómítà mẹ́wàá láìsinmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà rọlẹ̀. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéraga.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ẹ̀kọ́ nípa àṣà ni a bá lọ. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa fi sọwọ́ sí àjọ UNESCO pé ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀.

Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè, mo gbójú sókè wo àtẹ̀gùn tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta. Ọyẹ́ mú, èrúkuru gba ojú ọ̀run, síbẹ̀ àpáta náà dára lójú mi. Mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé èmi tí mo ń sáré lórí afárá kò ní í fi ẹsẹ̀ rìn gun èyí. Mo sáré wọ orí àtẹ̀gùn. Wọ́n pariwo, wọ́n sì tẹ̀lé mi.

N kò tíì dé ìdajì tí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Itan mi ń gbọ̀n. Àgbàlagbà kan ni ó ń fi wá mọ̀nà, ọ̀pá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yára, kò sì dúró. Nígbà tí ó bá mi níbi tí mo ti di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó ní, “Tíṣà, ẹ jókòó. Òkè kò ní í sá lọ.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣeun.” Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó bojú wẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti jókòó sí ìsàlẹ̀ wa, ó ń mí gúlegúle. Ikọ́ fée ń ṣe é. Oògùn tí ó máa ń fín sẹ́nu wà nínú àpò rẹ̀ nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì sáré lọ mú un wá. Ìṣẹ́jú tí a fi retí wọn kò ju mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìṣẹ́jú tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà bọ̀ sípò, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi dúró. Ó ní, “Ẹ̀yin ni ẹ wà níwájú, sà.”

Gbólóhùn náà kò tíì kúrò létí mi títí di òní. Ejò tí ń lé mi ni mo ń sá fún. N kò rántí pé àwọn kan ń tẹ̀lé mi nítorí pé mo jẹ́ olùkọ́ wọn.

A jókòó pẹ́ níbi ìsinmi náà. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀, ó ń dárúkọ wọn fún wa: gegele nìyí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìyẹn, pàlàpálá àpáta nìyí, àfonífojì ni èyí tí ìlú wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Èkó ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìsí ibi tí mo lè nawọ́ sí. Lẹ́yìn èyí, a rọra rìn dé ìlú àtijọ́, ọmọbìnrin náà ni ó ṣíwájú. Àwọn kan fẹ́ kí a tẹ̀ síwájú lọ sí òkè Òrósùn nítorí pé ìran ibẹ̀ dùn ún wò. Mo kọ̀. A wo ààfin, a sì padà kí oòrùn tó mú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣèwádìí. Mo wá mọ̀ pé ohun méjì ni a máa ń dà pọ̀: bí òkè ṣe ga àti bí ó ṣe dagun. Òkè Ìdànrè kò ga tó láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fúyẹ́ púpọ̀; dídagun rẹ̀ àti ìwàǹwára mi ni ó dá mi lágara. Ṣùgbọ́n ní Iten ní Kenya, tí àwọn sáré-sáré ayé máa ń wọ́ lọ, ilẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 2,400. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ki. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ́síjìn tí à ń fà símú ní Ajah ni ènìyàn yóò rí fà. Nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1968 ní Mexico City, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 2,240, Ron Clarke, ọmọ Australia tí eré rẹ̀ ti ta ti gbogbo ayé yọ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣe ipò kẹfà nínú eré ẹgbàárùn-ún mítà, ó sì ṣubú lulẹ̀ ní ìparí rẹ̀. Naftali Temu tí ó ti ilẹ̀ olókè ní Kenya wá ni ó gba góòlù. Ẹsẹ̀ Clarke kò yí padà. Ilẹ̀ ni ó yí padà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yan ọ̀nà ìsáré lórí òkè, ìmọ̀ràn mi nìyí. Kí ó kọ́kọ́ mọ ara rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí dókítà yẹ òun wò. Bí ibẹ̀ bá ga gidigidi, kí ó fi ọjọ́ mélòó kan rìn kí ó tó sáré, kí ara lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Kí ó wo bí ilẹ̀ ṣe dagun, kí ó sì rántí pé orúnkún ń jìyà nígbà ìsọ̀kalẹ̀ ju ìgbà ìgòkè lọ. Kí ó wo ìgbà: àpáta tí òjò bá rọ̀ sí a máa yọ̀, èrúkuru ọyẹ́ kò sì dára fún ẹni tí ń kọ́ ikọ́ fée. Kí omi àti oògùn wà lára rẹ̀, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Kí ó bi ará ibẹ̀ léèrè ọ̀nà. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ó tó wo ẹwà. Ẹwà kò ṣe é kẹ́gàn, nítorí òun ni ó ń mú wa padà lọ ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí èémí rẹ̀ ti tán kò lè rí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ wa kò jìnnà sí èyí. Ojoojúmọ́ ni à ń yan ọ̀nà fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ń kó èrò lọ, èémí ẹni tí ó kẹ́yìn ni ó yẹ kí ó fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí olùkọ́ má dúró dìgbà tí ó bá ṣubú kí ó tó wẹ̀yìn.

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ní ọdún yìí. Mo ṣì ń gun afárá náà láràárọ̀ Sátidé. Bí mo bá dé àárín rẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n wo bí oòrùn ṣe ń yọ lójú ọ̀sà, kí n tó máa bá tèmi lọ.