Ohun Tí Èrè Bá Wí: Ẹ̀rọ, Afẹ́fẹ́ àti Ọmọ Iṣẹ́

Ní agbègbè àwọn iléeṣẹ́ tó wà láti Ìkejà dé Agége, kò ṣòro láti rí ọmọ iṣẹ́ jórinjórin tó fi awò dúdú bojú, tó ń ṣí gáàsì, tó tún ń dín in kù. Bí ọ́síjìn bá pọ̀ jù, irin a jó dànù. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, èéfín dúdú a bo iṣẹ́. Ọ̀gá lè má ṣàlàyé púpọ̀. Bí iṣẹ́ bá dára, yóò mi orí. Bí kò bá dára, yóò ní kí ó tún un ṣe. Báyìí ni ọwọ́ ọmọ náà ṣe ń mọ iṣẹ́.

Irú ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà lónìí láti darí afẹ́fẹ́. Ẹ̀kọ́ elérè ni a lè pè é: ẹ̀rọ á gbìyànjú, á gba máàkì, á sì tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ afẹ́fẹ́ jẹ́ ibi tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé. Ihò gbọọrọ ni, tí fáànù ńlá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá lára àwòṣe ọkọ̀ tàbí apá bàálù, kí wọ́n lè wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á sẹ́yìn tó.

Gbòǹgbò èrò náà ti pẹ́. Ní 1964, ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, Ingo Rechenberg, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, gbé pátákó mẹ́fà tí a fi oríkèé márùn-ún so pọ̀ sínú irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń yí oríkèé wọ̀nyí padà láìyan ọ̀nà kan pàtó. Èyí tó bá dín ìfàsẹ́yìn kù, ó mú un; èyí tí kò bá dín in kù, ó fi í sílẹ̀. Ìtò tó ṣeé ṣe lé ní mílíọ̀nù 345. Síbẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí 300 ìgbìyànjú, pátákó tó rí kọ́lọkọ̀lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni ọ̀nà yìí ń wò.

Ṣùgbọ́n ohun tí èrè bá wí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́. Nínú iṣẹ́ tí Jean Rabault àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2019, àfarawé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ náà kọ́ láti dín ìfàsẹ́yìn ara òpó róbótó kan kù ní nǹkan bí ìdá 8 nínú 100. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí máàkì bá dá lórí ìfàsẹ́yìn nìkan, ẹ̀rọ a máa ṣe màgòmágó: a dín ìfàsẹ́yìn kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti òpó náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní láti yọ máàkì fún ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ náà pẹ̀lú.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́. Ọmọ tí a ń yìn nítorí máàkì nìkan, máàkì ni yóò wá, ìbáà jẹ́ nípa jíjí ìwé wò. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹni tó fi èrè lélẹ̀ ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀gá jórinjórin tó ń mi orí sí iṣẹ́ tó ń dán lójú lásán, bó pẹ́ bó yá, géètì yóò já.